Iyọ̀ Lẹ́sẹ̀ Ààlè

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìí pé inú ń run mí, pé mo fẹ́ yà sínú igbó díẹ̀. Irọ́ ni. Inú ò run mí, orí mi ló gbóná. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ ènìyàn fi lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ọ̀nà funfun tí òfin ní ká máa rìn kí Ẹlẹ́rìí má figbe ta, torí àwọn tó ṣe òfin náà fúnra wọn mọ̀ pé ìgbẹ́ kì í gbọ́ àṣẹ ìjọba.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ẹlẹ́rìí wí láti ọrùn ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú ohùn ọmọge tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. "Ẹ má jìnnà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ má tẹ irúgbìn mọ́lẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́kúnlé, pé kí ó sọ tirẹ̀. Ó dúró, ó ń wo òrùka dúdú tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òun náà bí ẹni tó ń wo ejò tó sùn. Gbogbo wa la ní in, láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti lè dá rìn. Ó ń gbọ́ràn, ó ń ríran, kì í sùn, kì í sì í bínú. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún tirẹ̀ pé òun ò lè fi àbúrò òun tí ara rẹ̀ kò yá sílẹ̀ nínú igbó. Ẹlẹ́rìí yìn ín, ó ní ìwà ọmọlúwàbí ni. Bí a ṣe wọgbó nìyẹn.

N kì í ṣe ẹni tó ń bú Òfin Ìsinmi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Mo wà lọ́mọdé nígbà tí òjò gbàgbé wa pátápátá, tí àgbàdo ń gbẹ lóko kó tó yọ irun. Ìjọba ní ó ti rẹ ilẹ̀, kí gbogbo ará abà àti ará oko kó wá sí Ìlú Àjà, kí a máa gbé lórí ara wa nínú ilé alájà gíga, kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Òjò sì padà. Omi tí mò ń mu nílé, láti inú igbó yìí ló ti ń wá, n ò ní tìtorí ìbínú purọ́ mọ́ ọn. Bàbá wa ló kọ̀. Wọ́n ní àwọn náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí ilẹ̀ sinmi, pé àwọn ti ń fi oko sílẹ̀ di igbó kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó ṣe òfin, ṣùgbọ́n ẹni tó ni oko ló ń sọ ìgbà tí yóò sinmi. Lọ́jọ́ Ìkólọ, nígbà tí gbogbo wa ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, Bàbá mú àdá wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ pa iná oko. Wọn ò padà wá. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ti já bọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé mi sókè, mo ń sunkún bàtà, mi ò mọ̀ pé bàbá ló yẹ kí n máa sunkún.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìjọba kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tó ti kú. Ìyá wa gbà. Èmi náà gbà. Nígbà tí ikú dé sórí Ìyá lákòókò òjò tó kọjá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọkọ àwọn sùn sínú igbó bí ẹtu. Wọ́n ní tí n ò bá rí egungun, kí n wá irun, kí n wá èékánná, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sídàálẹ̀, kí n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo búra fún wọn. Ohun tó gbé mi dé inú igbó yẹn nìyẹn, kì í ṣe àìgbọ́ràn lásán.

Mo mọ ewu tó wà níbẹ̀. Àwọn àṣá onírin ti ìjọba ń fò lókè láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n ń wá òrùlé, ṣùgbọ́n ojú wọn ò wọ abẹ́ ewé. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ló lè mú Ẹlẹ́rìí dé ibi tí ahéré bá farapamọ́ sí. Tí wọ́n bá sì ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á rán Ikán wá, ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ òrùlé, tó ń jẹ ògiri, tó sì ń pọ gbogbo rẹ̀ síta ní erùpẹ̀. Mo rò ó, mo ní kí ni Ikán fẹ́ jẹ ní ahéré Bàbá ju egungun àti òpó lọ? Kí n sáà ti mú tèmi. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. Ọkùnrin tó lè jókòó tì ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kó jẹ́ pé "ẹ kú ìjókòó" nìkan lo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti wá ibí yìí rí, tó dé ìtòsí ahéré, tó sì padà. Nígbà tí mo bi í nídìí, gbogbo ohun tó sọ ni pé òun bá ààlè. Mo pè é ní ojo lójú ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gba àṣẹ ìrìn ọjọ́ kan lọ́dọọdún, á ní òun ń lọ na ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà funfun. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó báyìí.

Ìjọba ti pa gbogbo ọ̀nà oko rẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ pèrègún. Bàbá àwọn bàbá wa ló gbìn ín sí ààlà oko, pèrègún kì í sì í kú. Bí a bá dé ìdí kan, a ó dúró wò yíká títí a ó fi rí òmíràn tó na ewé rẹ̀ tóóró sókè láàárín oko tó ti di igbó, a ó sì kọrí síbẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń mu wá dé kókósẹ̀. A la odò kan tí n ò mọ̀ ọ́n mọ́, a gba ìdí àpáta kan kọjá tí mo mọ̀ dunjú, torí orí rẹ̀ ni Ìyá ti máa ń sá ẹ̀gẹ́. Mo fọwọ́ kan án. Àárò Ìyá sọ mí débi pé mo ní láti dúró.

Ẹlẹ́rìí bèèrè bóyá inú náà ò tíì rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ní ìgbẹ́ gbuuru ni. Ó ní ṣé kí òun pe dókítà, mo ní kó má ṣèyọnu, mo ti ń wá ewé tí n ó jẹ. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́, kò sì kìlọ̀ mọ́, inú mi sì ń dùn pé mo ti rí ẹ̀rọ ìjọba tàn jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni inú rẹ̀ ò dùn. Bí Ẹlẹ́rìí ṣe ń dákẹ́ sí i ni òógùn ń bò ó sí i.

Níbi tí a ti jókòó mu omi, mo rí i tó fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò. Iyọ̀ ló wà níbẹ̀, nínú àpò aṣọ kékeré kan tó rán fúnra rẹ̀. Ní ẹnubodè, nígbà tí wọ́n yẹ ẹrù wa wò, mo bi í ohun tó fẹ́ fi iyọ̀ ṣe, ó ní fún Bàbá ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń fún òkú níyọ̀? Ó wò mí títí, ó sì gbójú kúrò. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ rẹ̀ ti sú mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ti ìrìn rẹ̀ tó kọjá dé, ó fi iyọ̀ bíńtín rán ọmọ mi sí mi, tó dì í sínú ewé gbọ̀dọ̀gì tútù. Mo rò pé ahun ló ń bá a jà. Mo da iyọ̀ sínú ẹ̀wà, mo ju ewé nù. N ò bi ara mi pé ibo ló ti rí gbọ̀dọ̀gì tútù ní Ìlú Àjà, níbi tí ewé kankan kì í hù.

Ó ní kí a padà, pé orúnkún ń dun òun. Mo ní orúnkún ọkùnrin tó ń na ẹsẹ̀ lọ́dọọdún? Ó ní òjò ń ṣú. Mo ní kó rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìgè, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo dìde, mo gbọn ìdí aṣọ mi, mo ní ẹ̀sọ̀ ló jẹ́ kí Ìyá kú láìrí ọkọ wọn sin.

Ìgè ni mí lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi wáyé. Bàbá máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni yóò máa ṣíwájú orí rẹ̀ lọ sí ibi gbogbo, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí a dé ibi ààlè. Okùn kan ni wọ́n ta láàárín igi méjì níbi tí ẹnu ọ̀nà ahéré ti wà rí, wọ́n so kùkù àgbàdo kan mọ́ ọn, wọ́n so àkísà pupa, wọ́n sì so bàtà ọmọdé kan, ti ẹsẹ̀ òsì. Búlúù ni. Bàtà mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí n ò ti sun ún nígbà tí Ìyá kú. Bàbá ti padà lọ ṣa bàtà mi lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé e pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó, ó gbé àpò iyọ̀ sí ìdí igi ọ̀tún, láàárín gbòǹgbò méjì, ó fi ewé bò ó. Kò wá ibi tí yóò gbé e sí rárá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fa okùn náà mọ́ra díẹ̀, ó ní, "Ibi tí mo dé rèé. Wo okùn yìí dáadáa."

Mo wò ó. Okùn igbó ni, àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, omi rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n ti gé e. Mo rí i, mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé igbó yìí mà lọ́rinrin o. Ó ń wo ojú mi, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó rí i pé n ò mú nǹkan kan níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára okùn.

Mo ní ká máa lọ. Ó ní ààlè ni. Mo ní mo mọ̀, ta ni wọn ò kọ́ pé a kì í kọjá ààlè? Àmọ́ olè ni wọ́n ń pa ààlè dè. Ọmọ onílé ni èmi, n ò wá jí nǹkan kan gbé, bàbá mi ni mo wá sin. Mo na ìka sí bàtà náà, mo ní ẹ ò rí i pé ìpè ni wọ́n ń pè mí? Tí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n ń retí, kí ni bàtà mi ń wá níbẹ̀?

"Bàtà rẹ ni wọ́n fi pa ààlè, Ìgè," ló wí. "Ta wá ni wọ́n ń kìlọ̀ fún?"

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. N ò ní parọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ìbẹ̀rù ààlè sí wa lára, mo sì rántí ọmọ ìyá Àjíké ní abà wa, tí wọ́n nà torí ọsàn kan ṣoṣo tó já lẹ́yìn ààlè. Ṣùgbọ́n mo tún rántí ọwọ́ Ìyá nínú ọwọ́ mi, bó ti fúyẹ́. Mo ká aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀, mo gba abẹ́ okùn náà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ò tẹ̀lé mi. Mo tún pè é ní ojo, mo sì ń lọ.

Ahéré náà wà níbẹ̀. Mo ti ń retí òpó tó ṣubú àti òkìtì ikán. Òrùlé tó dúró ṣánṣán ni mo rí, ewé gbọ̀dọ̀gì tútù ni wọ́n fi bò ó, èyí tó ti gbẹ wà lábẹ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wà lókè. Wọ́n ti gbá àyíká rẹ̀. Ipa ìgbálẹ̀ ṣì hàn lórí iyẹ̀pẹ̀, ipa ẹsẹ̀ kan sì gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ń wọ́ ìka rẹ̀ nílẹ̀. Iná wà nínú ààrò. Iṣu kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ha ìdajì, ọ̀bẹ ṣì dúró lára rẹ̀. Lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo rí àwọn àpò aṣọ kéékèèké tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, tí wọ́n sá wọn tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn jẹ́ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ààbọ̀ fún mi ní ilé, ó sọ ọ́ ní ẹnubodè, ó sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ààlè, torí kò lè sọ odidi níbi tí Ẹlẹ́rìí wà, Ẹlẹ́rìí ò sì kúrò lẹ́sẹ̀ wa rí. Ó dénú mi wàyí. Bàbá mi wà láàyè. Mo sì ti gbé ojú ìjọba wá sí ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi.

Mo fi ọwọ́ bo òrùka náà. Mo ti ẹsẹ̀ bọ inú ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀rọ̀ láti inú omi, tí ohùn rẹ̀ ò yí padà.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Ilé kan rèé tí kò sí lákọsílẹ̀, eérú rẹ̀ sì gbóná. Ẹ ti ran ilẹ̀ lọ́wọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ inú rírun yẹn, a ti dárí rẹ̀ jì yín. Ikán ti gbéra."

Mo fẹ́ pe bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì, torí tí mo bá pè wọ́n, Ẹlẹ́rìí á mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mo wo igbó tó wà lẹ́yìn ahéré, ewé tó pọ̀ jọ níbẹ̀ ò mì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Mo ti dàgbà, irun mi ti ní funfun, n ò mọ̀ bóyá wọ́n á lè dá mi mọ̀. Mo wá kọjú sí ọ̀nà tí mo gbà wá, mo gbé ohùn sókè bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní, "Bọ̀dá, wọ́n ní Ikán ti gbéra o. Kí ẹni tó bá wà lọ́nà rẹ̀ tètè yà." Mo tún un sọ títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ má bínú," n ò sì fi ẹ̀gbọ́n mi bojú nínú ìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé ibi ààlè, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó ti ṣí fìlà rẹ̀ bo òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dijú. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Kùkù àgbàdo wà lórí okùn, àkísà pupa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà mi ti lọ. Mo wo ìdí igi. Ewé tó fi bo iyọ̀ ti ṣí, iyọ̀ náà ti lọ. Ní èjìká ẹ̀gbọ́n mi, lórí aṣọ rẹ̀ dúdú, ipa ọwọ́ kan wà tí wọ́n fi eérú tẹ̀, ìka rẹ̀ pé márùn-ún. Mo fi ojú bi í léèrè. Ó mi orí pé rárá, òun ò bojú wẹ̀yìn. Omi ń dà lójú rẹ̀.

A ò tíì dé ọ̀nà funfun tí a fi gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, ariwo Ikán, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo yíyan. Kò yára. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo iwájú. Mo ń ka gbogbo ohun tó wà nínú ahéré náà lọ́kàn, òpó, iṣu, ọ̀bẹ, àwọn àpò tí wọ́n fọ̀, mo ń ṣe bí ẹni pé tí mo bá rántí gbogbo wọn, Ikán ò ní lè jẹ wọ́n tán.

Kí a tó dé ẹnubodè, mo rántí pé wọ́n máa ń yẹ ara wa wò. Wọ́n á bèèrè ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀. Mo dá a dúró, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi nu ọwọ́ bàbá mi kúrò lára aṣọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi kù. N ò fọ ọwọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọn ò rí ẹnikẹ́ni mú. A mọ̀ nítorí pé à bá ti gbọ́. Igbó náà tóbi, Bàbá sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti rán àpò tuntun, ó ti di ẹnu rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ ní pálọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bá a níbẹ̀ tí mo bá lọ kí wọn. Àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa wò ó, a ò sì ní sọ̀rọ̀, torí Ẹlẹ́rìí. Iyọ̀ wà. Ibi tí a ó gbé e sí ni a ò mọ̀ mọ́.